Ẹ̀yìn Fàtímọ̀ Ni Wándé Mọ̀

Kókó tó wà níwájú orí ọmọ náà tó ẹyin ẹyẹlé, dandan sì ni kó wálẹ̀ kí Tíṣà tó ti ilé-ìwé dé.

Fàtímọ̀ ti fi omi tútù nù ún. Ó ti fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pàápàá. "Kókó, jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, máa lọ." Kókó ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ńṣe ló túbọ̀ ń dán.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fàtímọ̀. Ìlú Ìrókò ni wọ́n ti mú un wá sí Moniya láti máa tọ́jú Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà Ajíbádé bí fún ọkọ wọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ilé náà tóbi, oúnjẹ ń bẹ, Tíṣà kì í sì í nà án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ló dá a dúró níbẹ̀. Maṣíìnì ni.

Ìyá Gàfárù aránṣọ a máa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wọn lójú títì, wọn a máa fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì bí ẹni ń jó lórí ìjókòó. Lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, torí maṣíìnì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Tíṣà ti lọ bá wọn sọ ọ́. Bí Títílọpẹ́ bá ti lè rìn, Fàtímọ̀ ni.

Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ ló gbé e débẹ̀, Ìyá Gàfárù ò sì sí nídìí maṣíìnì. Ó gbé ọmọ kalẹ̀, ó ní kí òun kàn fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì yẹn wò. Kò tíì yí i tán tí ọmọ fi rákò wọ abẹ́ rẹ̀, tó forí sọ irin ibi ìtẹsẹ̀. Gbì! Fàtímọ̀ gbé e, ó di ilé.

Olúfúnmi ló gbọ́ ẹkún tó sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá. Olúfúnmi ń tọ́jú Wándé, ọmọ ọdún méjì, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó bá tiwọn pààlà. Bàbá Wándé ni Lásárù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Màmá Wándé ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yìí jọ ń pọn omi, wọ́n jọ ń bú ọ̀gá wọn lẹ́yìn, wọ́n jọ ń pín ẹ̀pà jẹ.

"Yéè! Kí lo fi lu ọmọ ọlọ́mọ?"

"N ò lù ú! Maṣíìnì ló fi orí sọ. Olúfúnmi, mo gbé, Tíṣà ń bọ̀."

"Gbé ẹnu rẹ dákẹ́, kí o sì wá òrí wá."

Olúfúnmi fi aṣọ yáná, ó fi tẹ kókó náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó fi òrí pa á, ó wá dé fìlà onírun lé ọmọ lórí títí dé ìpéǹpéjú. "Ọyẹ́ ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí ni fìlà ń ṣe lórí ọmọ."

"Olúfúnmi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnu rẹ tú o."

"Èmi kẹ̀? Ṣé o rí òfófó lójú mi ni? Mo fi Bíbélì tó wà ní pálọ̀ wa búra."

Tíṣà dé. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n fún un lọ́mú, wọn ò béèrè fìlà. Àyà Fàtímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ bọ̀ nígbà tí oòrùn rọ̀, tí Olúfúnmi ti Wándé dé iwájú ilé wọn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà, Tíṣà. Ṣé orí Títílọpẹ́ ti fúyẹ́? Àyà mi ò balẹ̀ ni mo ṣe ní kí n wá wò ó."

"Orí wo?"

"Háà!" Olúfúnmi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Fàtímọ̀ ò tíì sọ fún yín? Ẹ má bínú mà. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ pé maṣíìnì Ìyá Gàfárù ló forí sọ ni."

Tíṣà ṣí fìlà. Tíṣà kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Wọ́n wo kókó náà títí, wọ́n wá ní, "Fàtímọ̀, ẹni tó gbé ọmọ mi sílẹ̀ tìtorí maṣíìnì onímaṣíìnì, tó tún fi fìlà bò ó mọ́ mi lójú, n ò lè fi ẹnu mi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìránṣọ yẹn, fi sílẹ̀ ná."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ìròyìn fi kàn pé Màmá Wándé ti yà lọ́dọ̀ Ìyá Gàfárù. Wọ́n ní bí àyè ọmọ iṣẹ́ bá ṣí sílẹ̀, kí wọ́n bá àwọn dì í mú fún Olúfúnmi.

Fàtímọ̀ ò sunkún. Ó jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ju èyí tó dára nù, ó ń fi èyí tó jẹrà sínú igbá. Nígbà tó rí ohun tó ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dé ojú.

"Ó da," ló wí. "A jọ máa rí i."

* * *

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kì í sáré. Fàtímọ̀ lọ bá Olúfúnmi nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì, ó ní kò sí ìjà. Olúfúnmi ní, "Mo mọ̀ pé o ò ní bínú. Àbí èmi náà mọ̀ pé o ò tíì sọ fún wọn ni?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Fàtímọ̀ bá a gbé garawa rù.

Ó ti rí ibi tí yóò ti mú un.

Olúfúnmi ò fẹ́ràn kó máa pọn ọmọ. Ó ní ó máa ń rún aṣọ. Màmá Wándé ti ra kẹ̀kẹ́ dúdú kan fún un, onítáyà gíga, irú èyí tí wọ́n ń gbé ọmọ òyìnbó sí. Olúfúnmi a wọ aṣọ funfun, a kun àtíkè sójú, a máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ, a máa tì í bọ̀ lójú títì, kí àwọn awakọ̀ lè máa kí i. "Nọ́ọ̀sì òyìnbó! Ṣé kí n wọ inú ẹ̀ ni?" Olúfúnmi a rẹ́rìn-ín, a yí ìdí.

Wándé ní tirẹ̀ a jókòó sínú kẹ̀kẹ́ bí ọba tí ebi ń pa. Ọmọ náà ṣòro. Olùtọ́jú méjì ti sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí Olúfúnmi tó dé. Kì í gba ọwọ́ àlejò, kì í jẹun lọ́wọ́ ẹni kẹta. Màmá rẹ̀ ń bá ọkọ̀ òwúrọ̀ lọ sí Gbági, àṣálẹ́ ni wọ́n ń dé. Bó bá ti rí Títílọpẹ́ lẹ́yìn Fàtímọ̀, tó rọra ń sùn, tí ọ̀já gbá a mọ́ra, ọmọ yìí a dákẹ́, a kàn máa wò wọ́n.

Ọmọ tí wọn kì í pọ̀n. Ibẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wándé ké lẹ́bàá ọgbà títí ohùn rẹ̀ fi há. Olúfúnmi ti fi omi sórí, ó fẹ́ fọ irun. "Fàtímọ̀, bá mi di ọmọ yìí mú, mo tọrọ ẹ̀."

"Gbé e wá. Títílọpẹ́ sáà ń sùn."

Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó yá, gùn mí." Ọmọ náà dúró. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń wò ó bóyá ó gbóná. Lẹ́yìn náà ló ṣubú lé e, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù. Kí Fàtímọ̀ tó so ọ̀já tán, ó ti sùn.

Àánú ọmọ náà ṣe é. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é dé ibi pé ó dúró jẹ́ẹ́, kò fẹ́ mira kí ọmọ má baà jí. Ṣùgbọ́n láti ibi tó dúró sí, ó ń gbọ́ Olúfúnmi tó ń kọrin nínú balùwẹ̀ pé Iléyá ń bọ̀, ọwọ́ òun á kan maṣíìnì. Olúfúnmi ò sì í ṣe Mùsùlùmí! Àánú náà gbẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, Fàtímọ̀ ń so àádùn mọ́ etí ìró. Ó ń fi ewé wé e, á ta á ní kókó, á fi há ìbàdí. Bí Olúfúnmi bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, "Gbé e wá." Bó bá fẹ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ lọ gba ìkíni, "Gbé e wá, ọ̀rẹ́ mi." Yóò pọ̀n ọ́n, yóò fún un ní àádùn díẹ̀, yóò wá máa kọrin sí i létí:

"Wándé ọmọ Lásárù,
ẹ̀yìn yìí gbà ọ́,
ẹ̀yìn ẹlòmíì ò gbà ọ́.
Bí wọ́n bá nawọ́ sí ọ, kọ̀.
Bí wọ́n bá bù fún ọ, tu ú."

Wándé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju bí àwọn ọmọ ilé-ìwé Tíṣà ṣe ń kọ́ ABD lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ oúnjẹ Olúfúnmi. Bí wọ́n bá gbé e sínú kẹ̀kẹ́, a nà gbọnrangandan bí igi, kò ní ká. Bí Olúfúnmi bá ní kí òun pọ̀n ọ́n tipátipá, a bu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ.

Lálaalẹ́ ni Fàtímọ̀ ń gbọ́ ohùn Màmá Wándé láti òdì kejì ọgbà. "Kí lo fi ń ṣe ọmọ mi tó fi ń rù? Kí lo fi ń ṣe é?"

"N ò fi nǹkan kan ṣe é mà!"

Tàì! Ìgbájú.

Fàtímọ̀ a máa fọ abọ́ lọ. Ìgbájú náà dùn mọ́ ọn létí. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ó ku díẹ̀. Wọn ò ní pẹ́ lé e. Wọn á di ẹrù rẹ̀, wọn á gbé e sọ́kọ̀ padà sí Ṣáṣá, kó lọ máa bá ìyá rẹ̀ to tòmátì lọ́jà. Ká wo ẹni tí yóò kí nọ́ọ̀sì òyìnbó nídìí tòmátì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Ìyá Gàfárù rí i nígbà tó ń kọjá pẹ̀lú Wándé lẹ́yìn, wọ́n dá ẹsẹ̀ maṣíìnì dúró.

"Fàtímọ̀, ọmọ ta nìyẹn?"

"Ti ilé kejì ni mà. Mo ń bá Olúfúnmi gbé e ni."

"Olúfúnmi tó fi ọ́ sùn?" Wọ́n wo etí ìró rẹ̀ tó ta ní kókó, wọ́n wo ẹnu ọmọ tó pupa fún epo. "Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Ọmọ kì í ṣe òkò. Òkò tí o bá sọ, ó lọ nìyẹn. Ọmọ máa ń padà wálé."

"Ẹ ṣé mà," Fàtímọ̀ wí. Kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Kò fẹ́ wo maṣíìnì náà.

* * *

Ọjọ́ tí Wándé pé ọdún mẹ́ta, Iléyá ku díẹ̀. Màmá Wándé ṣe bẹbẹ. Wọ́n pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe àwọn tíṣà, wọ́n ṣe kéèkì, wọ́n sì bẹ ayàwòrán wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Tíṣà ní kí Fàtímọ̀ pọn Títílọpẹ́ tẹ̀lé àwọn.

Fàtímọ̀ ò fẹ́ lọ. Ó mọ̀ pé bí Wándé bá rí òun, ó parí. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn tánkì omi, ó ń yọjú.

Wọ́n gbé àga sí iwájú ilé. Bàbá Wándé wọ kóòtù nínú oòrùn, òógùn ń ṣàn. Màmá Wándé fi góòlù kún ọrùn, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ wá sí ẹsẹ̀ àwọn.

"Ẹ gbé ojú sókè mà," ayàwòrán wí, ó ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú. "Ọmọ, wo ibí! Ẹyẹ kan ń bọ̀ níbí o!"

Wándé ò fẹ́ ẹyẹ. Ó nà gbọnrangandan, ó yọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ bí ẹja. Wọ́n pe Olúfúnmi. Olúfúnmi nawọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ lójú gbogbo àlejò.

"Yé è!"

"Olúfúnmi, ṣé bí ọmọ ṣe ń mọ olùtọ́jú rẹ̀ nìyí?" Màmá Wándé wí láti inú eyín.

Lẹ́yìn tánkì, Fàtímọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Bóyá tánkì ò bò ó tó ni, bóyá òórùn àádùn ló sì ṣòfófó. Wándé yíjú. Ó rí etí ìró.

Eré tó sá, àgbà ò sá a rí. Ó gba abẹ́ àga, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tíṣà, ó yí ẹ̀yìn tánkì, ó di Títílọpẹ́ mú lẹ́sẹ̀ níbi tó wà lẹ́yìn Fàtímọ̀, ó ń fà á. "Sọ̀! Sọ̀ kalẹ̀!" Fàtímọ̀ ń sá sẹ́yìn, ọmọ ń tẹ̀ lé e, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ sí gbangba.

Wándé ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó mú kókó etí ìró náà, ó tú u wàràwàrà bí ẹni tú àpò ara rẹ̀, ó yọ ewé, ó bu àádùn sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sẹ́yìn Fàtímọ̀, ó fi àyà lé e, ó ní, "Pọ̀n mí."



Ayàwòrán yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú. "Ṣé ìyá ọmọ nìyẹn ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá jókòó kí a yà á."

Ẹnì kan nínú àwọn tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Màmá Wándé dìde, góòlù ọrùn wọn ń mì.

"Fàtímọ̀. Ta ló kọ́ ọmọ mi láti máa tú ìró rẹ?"

"Mà?"

"Ọmọ tí kì í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, tó mọ ibi tí o so àádùn mọ́. Ìgbà wo lo ti ń fún un?"

Fàtímọ̀ wo ilẹ̀. Olúfúnmi ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ó na ọwọ́ tí wọ́n bù jẹ sí i. "Ìwọ ni! Gbogbo 'gbé e wá, ọ̀rẹ́ mi,' 'gbé e wá, ọ̀rẹ́ mi'! Ìwọ lo gba ọmọ lọ́wọ́ mi!"

"Ìwọ lo gba maṣíìnì lọ́wọ́ mi!"

Ó ti jáde kó tó mọ̀. Ó sì dún ju bí Fàtímọ̀ ṣe rò ó lọ. "O fi Bíbélì búra! O bá mi pa òrí, o bá mi dé fìlà, o tún lọ ṣí i! Gbogbo ìgbájú tí wọ́n gbá ọ, mo gbọ́ ọ, ó tún dùn mọ́ mi!"

Tíṣà dìde. Wọ́n kàn wá, wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gba Títílọpẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Wándé nu òógùn. "Ẹ jọ̀wọ́, oòrùn ń wọ̀, kóòtù yìí ń pa mí lọ. Ọmọ ti dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kó pọ̀n ọ́n wá síhìn-ín ká ya fọ́tò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yà á. Bàbá, ìyá, góòlù, kéèkì, Fàtímọ̀ nínú ìró tí etí rẹ̀ ti tú, Wándé lẹ́yìn rẹ̀, epo lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín.

* * *

Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀. Olúfúnmi kúnlẹ̀ jìnnà sí i. Fàtímọ̀ mọ̀ pé òun á jẹ ìyà, ṣùgbọ́n kò bìkítà. Bí ìyà bá ti jẹ àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Màmá Wándé ní, "Olúfúnmi, lọ kó ẹrù rẹ."

Fàtímọ̀ tẹ orí ba kí wọ́n má baà rí ẹnu rẹ̀. Ó dé! Ó dé, wàláì!

Olúfúnmi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dá mi padà sí Ṣáṣá. Kí ni kí n sọ fún ìyá mi?"

"Ta ló dárúkọ Ṣáṣá? Ilé Ìyá Gàfárù lò ń lọ. Kí ni mo sọ fún ọ nígbà tí mo lọ bá ọ gba àyè? Ṣebí mo ní ọjọ́ tí mo bá rí ẹni tí Wándé máa gbà ni mo máa yọ̀ǹda rẹ? Mo ti ń wá ẹni yẹn káàkiri. Mo wá a dé Ìbàdàn." Wọ́n fi ìka hàn án. "Òun rèé. Ọmọ mi ti fúnra rẹ̀ yàn án."

Fàtímọ̀ gbé orí sókè. Ó wo Tíṣà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ mà…"

"Màmá Wándé ti bá mi sọ ọ́," Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. "Mo ti gbà. Títílọpẹ́ ti ń rìn. Ẹni tó lè pọn ọmọ méjì ní kọ̀rọ̀, kó máa pọ̀n wọ́n ní gbangba."

Ẹkún Olúfúnmi dúró bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n pa. Nígbà tó kó ẹrù jáde, ó yà lẹ́bàá ọgbà.

"Fàtímọ̀, o ṣeun o. N ò mọ bí ǹ bá ṣe kúrò níbí láìsí ẹ̀yìn rẹ."

"Kọjá lọ."

"Bó o bá ní aṣọ Iléyá, gbé e wá. Màá rán an fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá."

"Kàkà kí n gbé aṣọ fún ọ rán, kí n ró ewé ẹ̀kọ mọ́dìí lọ sí Yídì!"

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi dé títì. Wándé tó wà lẹ́yìn Fàtímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbé ọmọ ọlọ́mọ, tí inú ń bí yín sí ẹnì kan, ẹ bá a jà lójúkojú. Ẹ fà á láṣọ ya bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀.

Iléyá ti kọjá báyìí. Aṣọ ọdún tó kọjá ni Fàtímọ̀ wọ̀ lọ kírun. Aṣọ tuntun tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìrókò wà nínú àpótí, kò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn án. Olúfúnmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń rán apá bùbá. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá Wándé, kò sì sí àlejò tí kì í béèrè ẹni tó wà láàárín. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni Fàtímọ̀ ń gba iwájú ọ̀ọ̀dẹ̀ Ìyá Gàfárù kọjá, Wándé lẹ́yìn, Títílọpẹ́ lọ́wọ́, kì í sì í wo ibi tí maṣíìnì wà. Kò tíì dárí ji Olúfúnmi. Àádùn ṣì wà létí ìró rẹ̀, torí bí kò bá sí i, Wándé ò ní jẹ́ kó simi.